Fífi Awọ Mọ Orí Àgbò Oníwo Kíká

Iṣẹ́ tí mo ń kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀ yìí ni orí àgbò kan tó tóbi tó ti àgbò gidi, tí a máa gbé kọ́ ara ògiri. Awọ ni gbogbo ohun tí ojú máa rí lára rẹ̀: iwájú orí, imú, ìpéǹpéjú, etí, àti ìwo méjèèjì tó ká lọ sẹ́yìn etí, tó wá yọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò fẹ́ kí igi tàbí fọ́ọ̀mù ṣẹ́ kù sínú ìwo náà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Awọ fúnra rẹ̀ ni kó gbé ara rẹ̀ dúró.

Ẹnjiníà ni mí kí n tó di oníṣẹ́ ọnà. Páànù ni mò ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Èmi ni mò ń ṣètò bí ẹ̀rọ á ṣe tẹ irin pẹlẹbẹ tí á fi di bọ́dì nǹkan, tí kò ní ya, tí kò sì ní hunjọ. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ìbéèrè kan ló wà nídìí rẹ̀: bí nǹkan pẹlẹbẹ bá máa yọ gọnbu, níbo ló ti máa rí àfikún, níbo sì ni èyí tó bá ṣẹ́ kù máa gbà? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé dé ìdí awọ, mi ò sì tíì rí iṣẹ́ awọ kan tí kò bi mí ní ìbéèrè náà.

Gauss, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ti fi hàn láti ọdún 1827 pé kò sí bí a ṣe lè tẹ́ ojú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ pẹrẹsẹ láì jẹ́ pé ibì kan nà tàbí pé ibì kan sún jọ. Bó ṣe rí náà nìyẹn bí a bá ń ti orí pẹrẹsẹ bọ̀. Bébà á ya tàbí kó hunjọ, torí fọ́nrán inú rẹ̀ kò lè yẹ̀ fún ara wọn. Awọ tútù yàtọ̀. Fọ́nrán collagen, ìyẹn èròjà tó di awọ ẹran mú, tó wà nínú rẹ̀ wé mọ́ra wọn lọ sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò. Bí omi bá wọ àárín wọn, wọ́n á máa yọ́ kọjá lára ara wọn, bí omi bá sì kúrò, ibi tí wọ́n bá dé ni wọ́n máa dì mọ́. Nǹkan méjì yìí, pé ó ń yẹ̀ nígbà tó tutù àti pé ó ń dì nígbà tó gbẹ, ni gbogbo ère aláwọ dúró lé.

Awọ tí mo lò

Kì í ṣe gbogbo awọ ló gba irú iṣẹ́ yìí. Èyí tí wọ́n fi oje èèpo igi ṣe ni mo lò, ìyẹn ni awọ tí tannin, èròjà inú oje náà, ti wọ̀ lára. Awọ tí wọ́n fi èròjà chromium, tó wá láti ara irú irin kan, ṣe, èyí tó pọ̀ jù nínú bàtà àti àga lóde òní, rọ̀, ó sì dára fún ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n kì í di ohun tí a bá mọ ọ́n sí mú. Ẹ lè rin ín gbingbin, kí ẹ sì kàn án mọ́ móòdù, ìyẹn igi tí a gbẹ́ bí ohun tí a fẹ́ kó dà, bó bá gbẹ, ó ń padà sí bó ṣe wà ni. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ọ̀bẹ gé etí rẹ̀ kí ẹ wo àárín: awọ oje igi máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú já inú, ti chromium sábà máa ń ní àwọ̀ eérú tó fara jọ búlúù láàárín.

Mìlímítà 3 ni awọ ojú àgbò nípọn, mìlímítà 2 ni ti ìwo. Áǹsì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta awọ fi ń pe nínípọn, áǹsì 1 sì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.4, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá béèrè fún áǹsì 8 á gba awọ tó ju mìlímítà 3 lọ díẹ̀. Mo máa ń wọ̀n ọ́n fúnra mi ní ojú púpọ̀, torí awọ kan náà kì í nípọn bákan náà látòkè délẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti gé awọ lára ẹran tún ṣe pàtàkì ju nínípọn lọ. Ẹ̀yìn ẹran ní fọ́nrán tó kún pinpin, kì í nà púpọ̀, ó sì máa ń le dáadáa bó bá gbẹ. Ibẹ̀ ni mo ti gé ìwo. Ikùn a máa nà ṣùgbọ́n nínà rẹ̀ kò dọ́gba, mi ò lò ó níbikíbi tí ojú á rí. Èjìká wà láàárín méjèèjì, ó ń nà sí ọ̀nà púpọ̀ láì di jákujàku, òun ni mo fi ṣe ojú. Èyí tí mo rà ní àwọn ìlà híhunjọ tí ọrùn ẹran náà ti fi sílẹ̀ lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ awọ ló máa ń gé apá bẹ́ẹ̀ dànù. Èmi fi í sórí egungun imú, kí ìlà náà dábùú, torí bí àgbò bá dàgbà, bí imú rẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn.

Kí n tó gé ohunkóhun, mo gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ láti ara awọ kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ní òòró ẹ̀yìn ẹran, àwọn kan ní ìbú, mo rin wọ́n, mo so ẹrù kan náà rọ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì wọ̀n bí wọ́n ṣe nà sí. Èyí tó lọ ní òòró ẹ̀yìn kì í nà tó èyí tó dábùú. Mo fi báírò fa ọfà sí ẹ̀yìn awọ kí n má baà gbàgbé ọ̀nà tó le. Ìdánwò kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló sọ fún mi bí pátánì ṣe máa dùbúlẹ̀ lórí awọ.

Móòdù ojú

Igi tó rọ̀ ni mo fi gbẹ́ móòdù ojú. Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Nílẹ̀ Ítálì, Amleto Sartori, agbẹ́gilére ará Padua tó gbé ayé láti 1915 sí 1962, ló sọ iṣẹ́ ìbòjú aláwọ fún eré orí ìtàgé dọ̀tun, lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ọmọ rẹ̀ Donato sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orí móòdù igi ni wọ́n ti ń lu awọ tútù, òòlù tí wọ́n fi ìwo ẹran ṣe ni wọ́n sì ń lò. Mo gbà pé kò sí ohun tó dára ju ìwo ẹran lọ fún lílu awọ: ó le tó láti ti fọ́nrán wọlé, kò sì ní fi àbàwọ́n sílẹ̀.

Ohun kan wà nípa móòdù tí ẹni tó ti ara páànù wá kò ní kọ́ tuntun. Ojú móòdù kọ́ ni ojú ère. Awọ tó nípọn ní mìlímítà 3 ló máa wà láàárín wọn. Igun tó yípo pẹ̀lú rédíọ̀sì mìlímítà 2 lára igi máa di 5 lójú awọ. Nítorí náà mo dín móòdù kù ní mìlímítà 3 yíká, mo sì gbẹ́ gbogbo ohun tó mú ṣáṣá kọjá bó ṣe yẹ kó rí: mo jẹ́ kí ihò imú jìn sí i, mo jẹ́ kí etí ìpéǹpéjú mú, mo gbẹ́ kòtò abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí tí igi náà fi dà bí ojú ẹran tó rù. Ẹni tó bá wo igi náà láì mọ ìdí rẹ̀ á sọ pé àgbò náà ń ṣàìsàn. Awọ ló ń fi ẹran sí i lára.

Párì wọnú lábẹ́, tó fi jẹ́ pé awọ tó bá gbẹ sórí rẹ̀ kò ní ṣeé bọ́. Mo la móòdù sí mẹ́ta, àárín rí bí èèkàn tó fẹ̀ lẹ́yìn tó sì tín-ín-rín níwájú. Bí awọ bá gbẹ tán, èèkàn náà ni mo máa fà yọ láti ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á wá sún wọlé, wọ́n á sì jáde. Mo kun igi náà ní fáníìṣì tó pọ̀ kó má baà mu omi awọ.

Ìwo, níbi tí iṣẹ́ gbé wà

Mo fẹ́ fara balẹ̀ níbí, torí ìwo ni mo tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ojú àgbò jẹ́ nǹkan tó yọ síwájú, móòdù á sì gbà á. Ìwo jẹ́ páìpù tó ń tín-ín-rín lọ, tó sì ń ká bó ṣe ń lọ. Awọ tó bò ó gbọ́dọ̀ gùn gan-an ní ẹ̀gbẹ́ òde kíká náà, kó sì kúrú gan-an ní ẹ̀gbẹ́ inú.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ìdí ìwo náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7, rédíọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 3.5. Mo fẹ́ kí àárín rẹ̀ máa ká yípo ojú kan tó fi sẹ̀ǹtímítà 9 jìnnà sí i. Ẹ̀gbẹ́ òde á wà ní 12.5 sí ojú náà, ẹ̀gbẹ́ inú á wà ní 5.5. Bí a bá mú ìdá kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ kíká náà, tí a fojú fo títín-ín-rín rẹ̀ dá ná, ẹ̀gbẹ́ òde gùn ní sẹ̀ǹtímítà 19.6, ẹ̀gbẹ́ inú gùn ní 8.6. Sẹ̀ǹtímítà 11 ni ìyàtọ̀ wọn, lára awọ kan náà, láàárín ibi tí ọwọ́ kan lè bò. Kò sí awọ tó lè nà tó ìyẹn, kò sì sí èyí tó lè sún jọ tó ìyẹn. Bí mo bá ká awọ tààrà di páìpù, tí mo wá ń fi agbára tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ inú á kàn ṣẹ́ po ni.

Nítorí náà pátánì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀. Mo la ìwo sí méjì ní òòró, apá tó kọjú sí orí àti apá tó kọjú síta, ojú ìrán kan, níbi tí a ti máa rán wọn pọ̀, gba ẹ̀gbẹ́ òde, èkejì gba ẹ̀gbẹ́ inú. Ìbú apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì àyíká ìwo, ìyẹn 3.5 lọ́nà π, èyí tó jẹ́ 11. Ẹ tún nọ́ńbà yẹn wò. Ìyàtọ̀ gígùn etí méjèèjì jẹ́ 11, ìbú awọ náà sì jẹ́ 11. Kò ṣèèṣì bọ́ sí i bẹ́ẹ̀: bí kíká bá ti jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ni, bí ìwo náà ì báà tóbi tàbí kó kéré. Ohun tó ń sọ fún mi ni pé kí n fa ìlà kan yípo ojú kan ní rédíọ̀sì 8.6, kí n fa èkejì yípo ojú kan náà ní 19.6, kí n sì gé apá kan níbẹ̀ tó ṣí ní rádíánì 1, ìyẹn díẹ́gírì 57 àti díẹ̀. Etí inú á gùn ní 8.6 gẹ́lẹ́, etí òde á gùn ní 19.6 gẹ́lẹ́, a sì ti rí ìdajì ìdí ìwo lórí bébà, láìsí gígé kankan láàárín rẹ̀. Inú mi dùn sí nọ́ńbà yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ìwo àgbò, mi ò mọ̀ pé rádíánì kan ló sùn síbẹ̀.

Etí méjèèjì ti pé, ó wá ku àárín. Apá tó wà nítòsí ẹ̀gbẹ́ òde, ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú awọ, gbọ́dọ̀ gùn ní 18 lára ìwo, ṣùgbọ́n 16.9 ni pátánì fún un. Kó nà ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 nìyẹn, èyí tí kò nira fún awọ tútù. Ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti ẹ̀gbẹ́ inú, òdì kejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀: 11.4 ni pátánì gbé wá, ìwo kò sì gbà ju bíi 10.25 lọ. Sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ ti ṣẹ́ kù, ó sì gbọ́dọ̀ wábi gbà.

Níbi tí ìbéèrè tí mo gbé wá láti ibi iṣẹ́ páànù ti pàdé àgbò fúnra rẹ̀ nìyí. Nínú iṣẹ́ páànù, híhunjọ ni ọ̀tá, a ó fi irin tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà ṣẹlẹ̀. Ìwo àgbò kún fún ìlà tó yọ tó sì jìn yíká ara rẹ̀. Àṣẹ́kù awọ tí mò ń wá ibi fún ti ní ibi tó yẹ kó gbà, ó sì máa jinlẹ̀ jù ní ẹ̀gbẹ́ inú, bó ṣe ń rí lójú ẹni tó bá wo ìwo gidi. Mi ò ní láti gé e dànù, mi ò sì ní láti fi pamọ́. Ohun tó kù ni kí n darí rẹ̀ kó hunjọ sí ibi tí mo fẹ́.

Okùn òwú ni mo fi darí rẹ̀. Bí ìwo bá tutù, tó sì kún, màá yí okùn mọ́ ọn ní àlàfo àlàfo, màá fà á le. Okùn á rì sínú awọ, àárín okùn sí okùn á yọ. Mo fi ìwo gidi ṣe àpẹẹrẹ fún àlàfo náà. Ìwo àgbò ń hù láti ìdí ni, ṣóńṣó rẹ̀ ló dàgbà jù, àmì ọdọọdún tó wà lára rẹ̀ sì máa ń súnmọ́ra bó ṣe ń bọ̀ nídìí, torí híhù rẹ̀ ń falẹ̀ bí ẹran ṣe ń dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe to okùn mi: ó fún mọ́ra nídìí, ó jìnnà síra lọ́nà ṣóńṣó.

Kíká ìwo kò sì wà lójú kan. Bó ṣe ń ká ló ń yọ síta kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á gún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo rí èyí gbà nínú ìrán, láì yí pátánì padà púpọ̀. Iye ihò kan náà ni mo dá sí etí apá méjèèjì, ṣùgbọ́n ní apá tó kọjú síta, ihò kan jìnnà sí èkejì ní mìlímítà 4.0, ní apá tó kọjú sí orí ó jẹ́ 4.2. Bí mo bá rán ihò mọ́ ihò, apá tó kọjú sí orí á gùn ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, á sì máa ti ìwo náà síta díẹ̀díẹ̀ láti ìdí dé òkè.

Rírán àti rírin

Abẹ́rẹ́ méjì lórí òwú kan ni mo fi ń rán, abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gba ihò kan náà kọjá láti ìhà tirẹ̀. Bí ojú kan bá já, òwú kejì ṣì dì í mú. Òwú ọ̀gbọ̀ tí mo ti fi ìda oyin pa ni. Mi ò jẹ́ kí awọ gun ara wọn lórí, etí kan etí ni mo rán wọn: irin ṣóńṣó wọlé láti ojú awọ, ó sì jáde láàárín nínípọn etí rẹ̀. Nínú awọ mìlímítà 2, ìyẹn gba sùúrù àti irin tó mú, torí bí ihò bá sún mọ́ ojú jù, òwú á fa awọ ya.

Ìdí ìwo ni mo fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ṣóńṣó rẹ̀ kéré ju ohun tí abẹ́rẹ́ lè wọ̀ lọ, mo wá fi gúlúù lẹ awọ pélébé-pélébé mọ́ra di kókó kan, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ ṣóńṣó, mo fi sáńpépà dán an, mo sì rán ìwo mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìrán ni omi. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo lò, kì í ṣe gbígbóná. Awọ oje igi máa ń sún kì bí ooru omi bá ti kọjá nǹkan bíi 70 sí 85°C, ó sinmi lórí oje tí wọ́n fi ṣe é. Àwọn ará Yúróòpù ayé àtijọ́ lo irú ooru bẹ́ẹ̀ láti fi mú awọ le fún ìhámọ́ra ogun, awọ tó bá sì ti gbà á yẹn le bí igi lóòótọ́. Mo dán an wò lórí àwọn àjákù, mo sì pinnu pé mi ò ní lò ó fún ìwo yìí. Sísúnkì rẹ̀ kì í dọ́gba, gbogbo ìṣirò tí mo kọ sókè yẹn á bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bó bá sì pọ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, awọ á máa ṣẹ́.

Mo fi ìwo sínú omi títí tí kò fi sí ọ̀fúùfù tó ń jáde lára rẹ̀ mọ́, mo gbé e sínú ọ̀rá mọ́júmọ́ kí omi lè tàn káárí. Ní àárọ̀, mo da yanrìn kíkúnná tó gbẹ sínú rẹ̀ láti ìdí, díẹ̀díẹ̀, mo ń fi ọ̀pá ki í. Yanrìn ló ń ṣiṣẹ́ móòdù níbí. Ó ń ti awọ síta ní gbogbo ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé ìdá 7 tí ẹ̀gbẹ́ òde nílò, òun ló ń fà á jáde. Bí iṣẹ́ bá sì parí, á ṣàn jáde gba ibi tó gbà wọlé. Mo máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ òde bí mo ṣe ń kì í. Níbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ á wọlé, awọ á sì padà lọ́ra. Bó bá ti kún tó, ó máa ń dún kọ́kọ́ bí a bá fi èékánná kàn án, àtàǹpàkò ò sì ní wọlé mọ́.

Nígbà náà ni okùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àárín ìwo, mo ń lọ sí ìdí, lẹ́yìn náà mo padà sí àárín láti lọ sí ṣóńṣó, kí àṣẹ́kù má baà kóra jọ sí òpin kan. Bí mo bá ti fa okùn kan le, mo máa ń fi egungun dídán kan, tí etí rẹ̀ yípo, ti awọ ẹ̀gbẹ́ inú sọ́tùn-ún sósì okùn náà títí tí híhunjọ kéékèèké ibẹ̀ á fi para pọ̀ di ìlà kan ṣoṣo tó yọ dáadáa. Ìgbà tí iṣẹ́ yìí dùn jù lọ́wọ́ mi nìyí. Ojú ń rí i bí awọ tó pọ̀ jù ṣe ń di ìwo.

Kíkánjú gbẹ kò sí nínú rẹ̀. Mo gbé ìwo kọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, níbi tí oòrùn kò dé, mo sì fi okùn kan fa ṣóńṣó rẹ̀ wọlé ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan ju ibi tí mo fẹ́ kó wà lọ. Páànù tí a bá tẹ̀ máa ń fà padà díẹ̀ bí ẹ̀rọ bá fi í sílẹ̀, awọ náà kò yàtọ̀. Nígbà tí mo da yanrìn jáde tí mo sì tú okùn, ó ṣí sí ibi tí mo fẹ́.

Ojú

Ojú yára ju ìwo lọ. Mo fi téèpù bébà bo móòdù, mo la téèpù náà, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo sì rí ibi tí awọ máa pọ̀ jù. Méjì ni: abẹ́ párì, tó máa sá lọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ ògiri, àti ibi tí ìwo ti jáde lórí. Ní ibi ìwo, mo gé awọ wọlé ní ṣóńṣó mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan, mo sì rán an pọ̀. Ìdí ìwo ló máa jókòó sórí ìrán náà, ojú kankan kò ní rí i.

Ìṣó idẹ ni mo fi kan awọ mọ́ móòdù, láti egungun imú lọ sẹ́yìn. Irin lásán kò gbọ́dọ̀ kan awọ oje igi tó tutù: tannin á bá irin náà jà, àmì dúdú tí kì í lọ á sì yọ síbẹ̀. Lórí imú, níbi tí awọ ti nà jù, mo fi kálípà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó gbẹ. Mìlímítà 3 ti di 2.7. Ó bá ìrètí mu, torí awọ tó fẹ̀ sí i ní ìdá 12 nínú 100 gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ tó ìyẹn bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá dín kù.

Àkókò tí a máa fi irin ya ojú, ìpéǹpéjú àti irun iwájú orí kò gùn. Awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi dúdú, ó sì rọ̀ jù. Ẹ fi irin tẹ̀ ẹ́, ìlà náà á tún kún padà. Ẹ dúró títí tí àwọ̀ rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí bó ṣe wà kó tó tutù, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ẹ ṣì máa rí i pé ó tutù ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìgbà yẹn ni irin á fi ìlà sílẹ̀ tí kò ní kúrò, ibi tó bá sì gbà á máa dúdú díẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹni fi aró kùn ún. Mo gbé ojú ọ̀tún àti ojú òsì ṣe pọ̀, mo ń lọ mo ń bọ̀ láàárín wọn, kí ọ̀kan má baà gbẹ kí n tó dé ibẹ̀. Etí méjèèjì jẹ́ awọ mìlímítà 1.5, mo mọ wọ́n lọ́wọ́ láìsí móòdù, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ bí wọ́n ṣe wà lórí ìka mi.

Àwọ̀ àti títò pọ̀

Ohun tí mo sá fún nínú ìṣó ni mo wá lò fún ìwo. Òwú irin tí a rì sínú ọtí kíkan fún ọjọ́ díẹ̀ máa ń yọ́ sínú rẹ̀. Omi yẹn, bí ó bá kan tannin inú awọ, á di dúdú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, inú awọ gan-an ni dúdú náà sì wà, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan, kò ní ràn mọ́ ọwọ́ ẹni tó bá gbá a mú. Mo bù ú là dáadáa kó lè jẹ́ eérú tó pọ́n díẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, mo sì tún fi èyí tó ki díẹ̀ tẹ̀lé e nínú àwọn ibi tí okùn ti rì. Lẹ́yìn náà ni mo fi omi tí mo po sódà sínú rẹ̀ nù ún, kí kíkan tó ṣẹ́ kù má baà máa jẹ awọ lọ. Ojú àgbò kò gba nǹkan kan ju òróró díẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí awọ máa rí bí awọ níbẹ̀, oòrùn àti ọjọ́ orí á pọ́n ọn fúnra wọn.

Òróró máa ń mú awọ rọ̀, nítorí náà mi ò fi kan ìwo rárá. Ìda oyin tí mo yọ́ ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn inú ihò rẹ̀ láti ìdí, mo sì fi ooru díẹ̀ ràn án lọ́wọ́ títí tó fi wọlé tán. Ìda yẹn ń mú awọ le, kò sì jẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tètè wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn iwájú orí, mo fi pákó kan gé bí agbárí, ó jókòó sínú awọ ojú láìfi àyè sílẹ̀. Láti inú pákó yìí ni òrùka igi méjì ti yọ gba ojú awọ jáde, ìdí ìwo kọ̀ọ̀kan sì wọ ara òrùka tirẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3, mo fi ìdè idẹ àti gúlúù dì í. Ibẹ̀ nìkan ni igi ti wọ ìwo, òrùka náà kò sì gbé ìwo nà; ó kàn di ẹnu rẹ̀ mú ni. Ìwo fúyẹ́ gan-an lọ́wọ́, ju ohun tí ojú ń sọ lọ. Síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ yọ síwájú ògiri, ó sì fẹ́ fà wá sílẹ̀ láti òkè, mo wá fi ìkọ́ méjì sí òkè pákó ẹ̀yìn dípò ọ̀kan láàárín.

Ibi tí wọ́n máa gbé e kọ́ kò gbọ́dọ̀ gba oòrùn tààrà, kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ohun tó ń mú ooru jáde. Bí ilé bá ní ọ̀rinrin, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín pákó àti ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí awọ má baà bu. Mo fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ̀n àlàfo tó wà láàárín ṣóńṣó ìwo kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sí ẹ̀yìn pákó pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Lẹ́yìn ìgbà òjò kan àti ìgbà ẹ̀rùn kan, màá tún wọ̀n wọ́n. Bí ìwo bá ti ṣí ju mìlímítà díẹ̀ lọ, ìda inú rẹ̀ kò tó, mo sì máa fi kún un fún ìwo tó kàn, èyí tí mo fẹ́ kó ká ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.